Ohun Tó Fa Iná Ilé Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi ni mo wà nídìí tẹlifóònù iléeṣẹ́ panápaná lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Aago mẹ́fà àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò tíì dé, mo sì ti ń ká aṣọ òtútù mi sínú àpò. Ọkùnrin kan ló pè, ó ní ilé ń jó. Mo fa ìwé ńlá sọ́dọ̀, mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́: aago tí wọ́n pè, orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé. Ìgbà tí ó pe nọ́ńbà ilé ni bírò dúró.

"Apá ibo nínú ilé náà ni?" ni mo bi í.

"Òkè ni. Ìyá àgbà kan ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: òkè, ìyá àgbà kan. Mo tẹ agogo, àwọn ọmọkùnrin sáré wọ ọkọ̀, ọkọ̀ sì jáde. Àwa tí a ń wádìí ohun tó fa iná kì í bá ọkọ̀ jáde. Ìgbà tí iná bá kú tán ni tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo jókòó. Ìyá àgbà tí mo kọ síwèé yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ẹni tó di ọwọ́ mi mú kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ lórí síléètì ní ilé-ìwé àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run. Bí ẹ bá wo ìwé náà lónìí, ẹ ó rí i pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n níbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Kí aago méje ààbọ̀ tó lù, wọ́n ti pa iná náà. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá ni wọ́n ti bá a. Dókítà ní èéfín ló pa á, pé iná kò dé ara rẹ̀. Iye ìgbà tí èmi náà ti fi ọ̀rọ̀ yẹn tu àwọn ẹlòmíràn nínú kò lóǹkà. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí ìtùnú kankan nínú rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni kì í wádìí iná tó bá kan ẹbí rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí à ń pè ní Ojú-lalákàn ni Ọ̀gá yàn. Ìnagijẹ náà kì í ṣe ìyìn tán pátápátá. Ojú rẹ̀ máa ń tètè rí nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá ti kọ́kọ́ rí nǹkan ló máa ń dúró sí. Ọjọ́ kẹta tí a sin ẹ̀gbọ́n mi ni ìjábọ̀ rẹ̀ jáde, ojú ewé kan àtààbọ̀. Ó ti rí wáyà kan ní kíṣìnì tí ẹnu rẹ̀ yọ́, tó sì ṣe róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó kọ ọ́ pé iná mànàmáná ló fa iná náà, àti pé ẹni tó ṣe wáyà ilé náà kò ṣe é dáadáa.

Mo ní láti sọ àṣírí kan nípa iṣẹ́ wa níbí. Bí a bá wádìí iná kan títí tí a kò rí ìdí rẹ̀, a kì í kọ "a kò mọ̀." Ọ̀gá kì í gbà á. Á ní ṣé nítorí "a kò mọ̀" ni wọ́n ṣe gbà wá síṣẹ́. Nítorí náà, iná mànàmáná la máa ń kọ. Kò sí ilé tí kò ní wáyà, wáyà tó bá sì ti jó, ojú ọ̀daràn ló máa ń ní. Ọ̀rọ̀ àwàdà kan tilẹ̀ wà láàárín wa. Bí ẹnìkan bá jókòó ti fáìlì, tó ń họ orí, ẹlòmíràn á ní: "Kọ iná mànàmáná sí i, jàre. Kò ní lọ́yà." A ó rẹ́rìn-ín, a ó pa fáìlì dé, a ó lọ jẹun. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi bá wọn rẹ́rìn-ín.

Iná mànàmáná ilé ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó ṣe é. Ọmọ rẹ̀ ni. Àrẹ̀mọ ni ìyá rẹ̀ ń pè é láti kékeré, bí ẹni pé ọmọ mẹ́wàá tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló bí. Gbogbo ayé sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ iná ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kó lọ sí ilé náà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, òun ló yọ gbogbo wáyà àtijọ́ kúrò, tó fa tuntun láti ìdí mítà dé yàrá.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi. Etí àga ló jókòó sí, kò jẹ́ kí ẹ̀yìn òun kan àga.

"Bàbá Kékeré, ọkọ mi ti yọ gbogbo nǹkan kúrò lára ògiri. Rédíò, fíríìjì, gbogbo ẹ̀. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ ẹ̀yìnkùlé wa, ó ní kó fi wọ́n rọ ohun tó bá wù ú."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń lo oògùn." Ó nu ojú rẹ̀. "Onílé ti mú ìwé wá. Ó ní kó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sun ilé, tó sì pa ìyá rẹ̀. Ọkọ mi ní òun á fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kó ní sùúrù ná. Ó ní kí lòun ń dúró dè, ṣé kí Màámi jí ni?"

Mo tẹ̀lé e lọ. Àrẹ̀mọ wà nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí orúnkún bí ọmọléèwé tó ń retí pàṣán. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ó dìde kí mi, ó tún jókòó.

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ fọwọ́ síwèé," ni mo wí.

"Wọ́n ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, sà. Iléeṣẹ́ yín ló kọ ọ́."

"Iléeṣẹ́ wa máa ń kọ oríṣiríṣi."

"Ẹ̀yin náà máa ń sọ ọ́. Láti kékeré mi, tí ẹ bá ti wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ìsinmi, ilé tí wáyà jó ni ìtàn yín. Tìtorí ìtàn yẹn ni mo ṣe kọ́ṣẹ́ yìí. Mo ní èmi á ṣe é dáadáa ju àwọn tí ẹ ń sọ̀rọ̀ wọn lọ." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mo wá ṣe é sórí ìyá mi."

"Sọ fún mi bí o ṣe fà á."

"Wáyà tó nípọn ni. Láti mítà, ó gba òkè ògiri kíṣìnì, ó wọ yàrá. Mi ò gé e láàárín ọ̀nà. Ojoojúmọ́ ni mò ń tún un fà nínú orí mi. Bóyá ìdè kan wà tí mi ò mú le. Ẹyọ kan ṣoṣo náà ti tó."

"Má fọwọ́ sí nǹkan kan títí n ó fi padà wá."

"Wọn ò gbà yín láyè láti wádìí ẹ̀, Bàbá Kékeré."

"Ta ló ń wádìí? Mo fẹ́ lọ wo ilé ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ọjọ́ kejì jẹ́ Àbámẹ́ta. Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà, aránṣọ àwọn ọmọléèwé, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Màmá Òkè ni òun ń pe ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi náà sì ń pè é ní Ìyá Ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Ìsàlẹ̀ kì í fẹ́ dákẹ́, bí wọ́n sì ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

"Ọdún mẹ́rin ló fi ń da omi ìfọṣọ sí mi lórí láti òkè," ni ó wí bí a ti ń gun àtẹ̀gùn. "Lẹ́yìn tí àwọn panápaná lọ tán, omi wọn ń kán láti àjà mi fún ọjọ́ méjì. Mo gbójú sókè, mo ti la ẹnu láti bú u, kí n tó rántí."

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò bá mi wọlé.

Mo ti wọ inú ilé tó jó lọ́nà tí mi ò lè kà, ṣùgbọ́n mi ò tíì wọ èyí tí mo mọ ibi tí ife omi máa ń wà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ dúró kí n lè mí. Lẹ́yìn náà mo gbé àkàbà mi kalẹ̀ mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí mítà.

Kíṣìnì ni Ojú-lalákàn ti rí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, mo sì rí i níbẹ̀ lóòótọ́, lórí wáyà òkè ògiri. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ògiri kíṣìnì ṣì ní ọ̀dà rẹ̀. Ìkòkò wà lórí àtẹ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe tò wọ́n, ńlá sí kékeré. Ìsàlẹ̀ ni iná ti ń gbéra lọ sókè. Ibi tí òkè bá jó tí ìsàlẹ̀ kò jó, àlejò ni iná níbẹ̀, ó ti ibòmíràn wá. Mo fi ìka tọ wáyà náà wọ yàrá. Mo gun àkàbà, mo sọ̀kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá símẹ́ńtì tó ti já bọ́ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Nítòsí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo rí ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn.

Mo jókòó sínú eérú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Àrẹ̀mọ. Wáyà máa ń yọ́ di ìlẹ̀kẹ̀ bí iná bá jó o nígbà tí iná mànàmáná ṣì wà lára rẹ̀. Èyí tó ti kú máa ń jó lásán ni. Kíṣìnì ni iná mànàmáná gbà kí ó tó dé yàrá. Bí ó bá jẹ́ pé kíṣìnì ni wáyà ti kọ́kọ́ já, ti yàrá ì bá ti kú ní ìṣẹ́jú kan náà, kò ní lè di ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó di ìlẹ̀kẹ̀. Yàrá ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá náà, ibi tó jó wọlẹ̀ jù wà ní òdì-kejì bẹ́ẹ̀dì, lẹ́bàá ìrọ̀rí rẹ̀, níbi tí wáyà kankan kò gbà kọjá. Pákó ilẹ̀ ti lu síbẹ̀. Wáyà Àrẹ̀mọ kò fa nǹkan kan. Iná bá a nínú ilé bí ó ṣe bá ìyá rẹ̀.

Mo yọ ohun tó kù nínú pákó náà díẹ̀díẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ kan tó ti fọ́ sí méjì. Abẹ́ rẹ̀, nínú àlàfo pákó, ìda àbẹ́là tó ti yọ́ tó sì tún dì. Bíbélì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, etí rẹ̀ nìkan ló jó. Ìwé tó nípọn kì í jó tán.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Hítà kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àrẹ̀mọ ló rà á fún un lọ́dún tó kọjá nítorí orúnkún tó máa ń dùn ún tí òtútù bá mú. Wọ́n ti ká wáyà rẹ̀ mọ́ ọn lára dáadáa, irin tó yẹ kó máa wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Ìsàlẹ̀, ṣé àbẹ́là ni ẹ̀gbọ́n mi ń tàn?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ kò tètè fèsì.

"Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Mi ò mọ̀."

"Kì í tan iná yàrá yẹn. Fíríìjì nìkan ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, nítorí oògùn rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Tó bá jí láago márùn-ún, àbẹ́là ló fi ń ka Bíbélì. Mo ní, Màmá Òkè, ẹ bí oníná, ẹ wá ń jókòó sínú òkùnkùn bí eku ilé. Ó ní kí n gbẹ́nu dákẹ́. Ó ní àbúrò òun wà níléeṣẹ́ panápaná, òun ló sọ fún òun pé tí ilé mẹ́wàá bá jó, wáyà ló jó mẹ́jọ nínú wọn. Ó ní àbúrò òun kì í parọ́. Ó ní ọwọ́ òun ló ti kọ́ ìwé."

Mo di irin àtẹ̀gùn mú.

"Kí ló dé tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀?"

"Kó wí fún un pé òun ń bẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Tó bá ti gbọ́ pé ọmọ ń bọ̀, á tan gbogbo iná ilé, á gbé hítà sí ojútáyé. Ọmọ ò ní tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó bá ń lọ, kó tó pa gbogbo ẹ̀. Èmi ni mò ń bá a gbé hítà yẹn padà. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín."

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Èmi ni mo sọ ọ́, nídìí tábìlì rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ lẹ́nu mi. Níbo ni mo ti rí mẹ́jọ? Nínú fáìlì wa. Ta ló kọ fáìlì? Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí tíṣà bá jáde, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń dúró níwájú kíláàsì wa, yóò sì máa sọ ọ́ fún wa pé ohun tí ojú wa bá rí ni kí a kọ. Ó gbà pé mo ṣì ń ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé mo gbé wáyà méjèèjì lọ síwájú Ọ̀gá. Ojú-lalákàn náà wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wọnú iṣẹ́ mi," ni ó wí.

"Mo bẹ̀ ọ́. Wò ó ná."

Ó gbé ti yàrá sókè síbi fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Mi ò dé yàrá. Mo rí ti kíṣìnì, mo ní ó ti tó."

"Èmi náà ì bá dúró níbẹ̀."

Ọ̀gá ti ń fọwọ́ pa orí. "Tí a bá yí èyí padà, wọn ò ní jẹ́ ká sinmi. Wọ́n á ní kí la ṣe sí ìyókù. Ìwọ fúnra rẹ, wọ́n á ní o ń gbèjà ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ẹ má gba tèmi gbọ́, sà. Ẹ ní kí òun lọ wò ó."

Ojú-lalákàn lọ. Wákàtí méjì ló lò lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó dé, ó tún ìjábọ̀ náà kọ, ó sì fọwọ́ sí i láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ó fi gbólóhùn kan kún un: pé ohun tó mú kí olóògbé máa tan àbẹ́là ni ohun tí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yìí sọ fún un. Ọ̀gá fi bírò pa á rẹ́. Ó ní kò sí àyè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù.

Mo bá sáré gbé ìjábọ̀ tuntun náà lọ fún Àrẹ̀mọ kí onílé tó dé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Àbẹ́là," ni ó wí. "Ṣebí mo ra hítà fún un."

Mo sọ fún un. Mi ò dín in kù. Mo sọ ọ̀rọ̀ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, mo sọ bí a ṣe ń kọ ọ́, mo tilẹ̀ sọ àwàdà tí à ń ṣe. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ẹ̀yin ni," ni ó wí.

"Èmi ni."

Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ tí omi ń dà, ó ń dà fún ìgbà pípẹ́. Ojú rẹ̀ tutù nígbà tó padà.

"Ó sàn nígbà tó jẹ́ èmi. Mo ti mọ bí mo ṣe ń gbé e. Ta ni kí n wá gbé e lé lórí báyìí? Ẹ̀yin nìkan lẹ kù fún mi."

Ìyàwó rẹ̀ ló mú ìwé onílé kúrò lórí tábìlì, tó fi ìjábọ̀ tuntun bò ó, tó sì kó méjèèjì lọ pàdé onílé lẹ́nu ọ̀nà. Àrẹ̀mọ kò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó tó oṣù kan kí ó tó tún yà kí mi, mi ò sì ránṣẹ́ pè é. Ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ, mo ń jókòó ti fáìlì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ "a kò mọ̀," ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀gá ti dá a padà, tí mo sì tún gbé e wọlé bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Àrẹ̀mọ kan ìlẹ̀kùn mi. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà léjìká.

"Alágbẹ̀dẹ ní irin rẹ̀ ò dára tó láti fi rọ ọkọ́," ni ó wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Kékeré, ẹ wá bá mi di àkàbà mú."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìsàlẹ̀ ni a lọ. Láti ọjọ́ iná náà, obìnrin yìí kò tan iná mànàmáná mọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé kì í ṣe wáyà, ó ní òun gbọ́. Ẹnu ọ̀nà ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ìta ránṣọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á tan àbẹ́là.

"Màmá Òkè tó mọ̀wé ló ń bẹ̀rù ẹ̀," ni ó wí. "Ta lèmi?"

"Ẹ jókòó síbí, mà," ni Àrẹ̀mọ wí. "Ẹ kàn máa wò mí."

Ó pa méènì tó ń gbé iná wọ gbogbo ilé. Ó fi irinṣẹ́ dán an wò lójú rẹ̀ pé kò sí iná lára wáyà mọ́. Ó wá ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó fa inú rẹ̀ jáde, ó sì ń ṣàlàyé fún un, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bọ́ ọmọ lóúnjẹ: èyí ló ń gbé iná wá, èyí ló ń gbé e padà, èyí ló ń gba ènìyàn là tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó tún ìdè rẹ̀ ṣe, ó mú un le. Lẹ́yìn náà ó na ẹnu wáyà sí i.

"Ẹ fà á."

"Èmi?"

"Ẹ fà á, mà. Pẹ̀lú gbogbo agbára yín."

Ìyá Ìsàlẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó wò mí, mo mi orí sí i. Ó fà á.

"Mi ò ṣe èyí fún Màámi," ni Àrẹ̀mọ wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. "Mo ṣe iná náà tán, mo di ẹrù mi, mo bá tèmi lọ."

"Ó le," ni Ìyá Ìsàlẹ̀ wí.

"Ẹ tún fà á."

Ó tún fà á. Àrẹ̀mọ dé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ sí ìdí ògiri kejì. Mo gbé àkàbà tẹ̀lé e, mo sì dì í mú.